Dùùrù Mẹ́tàlá Inú Kọ̀ǹpútà

Bàbá Maren,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Búrẹ́dì àgbàdo wà lórí sítóòfù.

Láàárọ̀ yìí tí ẹ ń hanrun, mo ní kí n ra dùùrù inú kọ̀ǹpútà, ètò tó ń dún bíi dùùrù gidi, tí ẹ fi ń dà mí láàmú yẹn fún ọjọ́ ìbí yín, torí ọ̀sán òní ni ẹ̀dínwó rẹ̀ ń parí. Bí mo ṣe fi orúkọ yín wọlé sórí ìkànnì tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n ní ẹ ti rà á láti oṣù kọkànlá, ẹ ò tíì ṣí i wò rí. Méjìlá mìíràn tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ẹ̀dà tuntun dùùrù kan náà. Dùùrù mẹ́tàlá, ẹ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ orin tí ẹ fẹ́ kọ fún ìgbéyàwó ọmọ yín. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mi ò bínú o. Owó ẹ̀bùn yín ni mo fi pe ẹni tó máa tún dùùrù màmá mi tó wà ní pálọ̀ ṣe. Aago méjì ló ń bọ̀. Ẹ kó páálí yín kúrò lórí ẹ̀.

Tí wọ́n bá tún kọ̀wé pé ẹ̀dínwó ò ní parí títí di ọ̀la, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà. Tí mo bá dé, tí mo gbọ́ orin Maren láti ẹnu ọ̀nà, màá sọ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun náà fún yín.

Lorna