Wọ́n Fi Ìwé Mi Na Ọmọ Ọlọ́mọ

                                        Àdúgbò Kóso,
                                        Ìsẹ́yìn.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kọkànlá, 1979.

Ẹfúnwùmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, ṣé ikọ́ ọyẹ́ kò tíì máa yọ wọ́n lẹ́nu ní Ṣakí lọ́hùn-ún? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ déédé, àbí iṣẹ́ alẹ́ ṣì ni wọ́n fi ń jẹ ọ́ níyà? Orúnkún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ní tèmi, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìkíni ṣì pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ló sì bí mi nínú.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá Adégbénró, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lápá Ìlérò. Ó dá mi lójú pé ìròyìn ti ń bọ̀ wá bá ọ láti ilé yín pé Mojọlá fi ọ̀rọ̀ gún ẹ̀gbọ́n rẹ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé ó sì kọ iṣu tí wọ́n fún un. Òótọ́ ni. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn ẹlẹ́nu gígùn tó fi iyọ̀ àti ata sí i. Má sì wò ó pé n kò fi ọ̀wọ̀ pè é nínú lẹ́tà yìí. Ọ̀wọ̀ náà wà nílé, ìbínú ni kò jẹ́ kó jáde.

Ọ̀sẹ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi: ohun tí mo bá kọ láàárọ̀, n ó gbé e lọ sábẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, n ó kà á fún àwọn ọmọ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, mo fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń wo eṣinṣin, mo fi gègé pa á rẹ́. Títí di Ọjọ́rú ni iṣẹ́ ń lọ, kódà àwọn ahunṣọ fúnra wọn ń dá òfì dúró láti gbọ́. Bàbá Mùílì tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má pa ìkookò inú ìtàn tí mo ń kọ lọ́wọ́, pé ó jọ àna òun.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Òun ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ka ìwé mi, èyí tí mo kọ nípa ẹyẹ awó tó gun òkè Adó-Àwáyè lọ mu omi adágún orí òkè. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Mo wọ ọkọ̀ dé Òkèhò, mo gun alùpùpù lọ dé ọ̀hún, eruku pupa kún imú mi, n kò kà á sí. Òǹkọ̀wé wo ni kò fẹ́ rí ojú ọmọ tó ń ka ìwé rẹ̀?

Wọ́n tò síta, wọ́n kọrin kí mi. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá nawọ́ sí ọmọkùnrin kan, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé mi lórí, kò wo ìwé rárá. Ó dákẹ́, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí ó fi tán. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó bọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín! Wọ́n dé ibi tí awó ti já sínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá arúgbó, ibi tí àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn ti máa ń yí gbiri nílẹ̀, wọ́n kà á bí ẹni ń ka orúkọ òkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń mi orí, ó ní, "Mojọlá, ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Láti páálí dé páálí!"

Mo lóṣòó síwájú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àsíátù, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Mo bi í pé ibo ló dùn mọ́ ọn jù nínú ìtàn náà. Ọmọ náà wò mí, ó wo ọ̀gá. Ló bá na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì dijú. Ó rò pé mo fẹ́ nà án ni! Ọwọ́ náà wú, ojú ẹgba hàn lára rẹ̀. Mo wo ti ẹni tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Mo gbójú sókè, mo rí àtòrì lórí tábìlì, orí ìwé mi gan-an ni wọ́n gbé e lé.

Háà, orí mi gbóná! Mo bi Bọ̀dá pé kí lèyí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó bá fò, ẹgba kan, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń fọ́nnu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe kọ́ kátíkísìmù, àwọn kò sì kú. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ ṣí kátíkísìmù náà wò gbẹ̀yìn?" Ó ní obìnrin ni mí, ọkàn mi ti rọ̀ jù, a kì í fi ẹ̀rín kọ́ ọmọ. Ẹ gbọ́ o! Àwọn tíṣà rọ̀gbà yí mi ká, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé awó kan tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ wá. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Mo mọ̀ pé àfojúdi ni, mo sì ṣe é.

N kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí o. Ìyá rẹ na èmi àti ìwọ pa pọ̀ lọ́jọ́ tá a sá lọ sínú igbó lọ jẹ èso igi òrí, a sì tún jẹun lọ́wọ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi ti òsì fà á mọ́ra? Ti òsì dà nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ?

Àná, mo jókòó ti bébà, n kò rí nǹkan kan kọ. Mò ń kọ̀wé kí ọmọ lè fẹ́ràn ìwé, Ẹfúnwùmí. Ní báyìí, bí àwọn ọmọ yẹn bá rí orúkọ mi lára páálí ìwé, wọ́n á máa gbọ̀n ni. Bí mo sì ṣe ń kúrò lọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ tún pariwo tẹ̀ lé mi pé Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí làwọn máa bẹ̀rẹ̀ ìwé mi kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Mùstàfá dẹ́rẹ́bà, kí ó lè tètè dé ọwọ́ rẹ. Tìrẹ nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń gbọ́. Bá a sọ̀rọ̀. Kí ó ju àtòrì náà nù, tàbí kí ó kó ìwé mi jáde nínú kíláàsì rẹ̀. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi nítorí iṣu, bínú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná.

Bá mi kí ilé, tọmọdé tàgbà. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo ti bá wọn wá òrí tí wọn yóò fi máa pa orúnkún, ó wà lọ́wọ́ Mùstàfá.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá gbọ́, n ó wà nínú kíláàsì yẹn ní Ọjọ́rú. N ó jókòó ti Àsíátù lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kankan bá gbàgbé, èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ tèmi ni kí ó nà.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré, nínú ìbínú àti nínú ìfẹ́,

Mojọlá