Ẹ̀wù Bọ́ọ̀lù Tí Bàbá Mi Gbé Wá Sí Mẹ́kà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Al-Aziziyah, àdúgbò kan ní Mẹ́kà níbí, ni mo ti ń gbọ́ ètò rédíò yín lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, mi ò ní ìkámà, ìwé tí wọ́n fi ń gbé ìlú yìí.

Amẹ́ríkà ni bàbá mi ti kàwé. Lọ́dún tí yunifásítì wọn dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà sílẹ̀, bọ́ọ̀lù onímú ṣóńṣó tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, oko àgbàdo ni wọ́n ro di pápá, bàbá mi ló sì ń bá wọn fẹsẹ̀ gbá a wọ àárín òpó méjì. Ní 2012, Bàbá wá ṣe Hájì, ó sì kú sọ́dọ̀ mi. Mo bá ẹ̀wù bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú àpò rẹ̀.

Tí mo bá kírun Àsùbáà tán, mo máa ń fi ẹ̀wù náà ṣe ìrọ̀rí. Lójú àlá, pápá á tún di oko àgbàdo, Bàbá á máa sáré bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kan ilẹ̀.

Yunifásítì náà ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn báyìí. Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀wù náà, kí wọ́n gbé e kọ́ sínú gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwó ní, "Fún wọn jàre, ṣebí àkísà ni." Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fún wọn? Wọn kì í kọ orúkọ sí sàréè níbí. Ẹ̀yìn ẹ̀wù yẹn nìkan ni orúkọ bàbá mi wà.