Mo Rí Ọkọ Níbi Tí Mo Ti Ń Bú Pẹ́ńgúìnì

18, Òpópónà Alvear,
Mar del Plata,
Ajẹntínà.
3 Oṣù Kẹwàá, 1994.

Zulema, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó kà á: mo ti lọ́kọ! Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń pa á mọ́ sínú, ikùn mi fẹ́ẹ̀ bẹ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn?

O rántí bí Rubén ṣe sá lọ lẹ́yìn tí a ti pín ìwé ìpè ìgbéyàwó tán. Àǹtí Elvira ní òun ò tún ní gbẹsẹ̀ nítorí ìgbéyàwó mi mọ́ láé. Nígbà tí mo sì ní n ó dá lọ síbi ìsinmi tí a ti sanwó rẹ̀, òun àtàwọn ẹbí tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òtútù àyà nìkan ni obìnrin tó bá dá lọ sétí òkun máa ń gbé bọ̀.

Mo wá sí Mar del Plata níbí, nínú òtútù oṣù Keje. Kò sílé oúnjẹ tí wọn ò ti bi mí pé ẹnì kejì mi dà. Ìdánìkanwà fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì pé n ó padà sílé nírọ̀lẹ́, kí Àǹtí Elvira lè fi mí ṣẹ̀sín tẹ́rùn. Mo wá gbé fíláàsì omi gbígbóná àti igbá ewé màtè tí mò ń rẹ mu, mo lọ fi ìyókù ọjọ́ wo pẹ́ńgúìnì nílé ìwòran ẹja.

Irọ́ gbáà! Obìnrin kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé ẹyẹ wọ̀nyí kì í kọ aya wọn sílẹ̀, àwọn olólùfẹ́ sì ń lẹ̀ mọ́ra wọn bí aṣọ tútù. Olóòótọ́ wo? Ojú mi ni ọ̀kan ṣe jí òkúta tí aládùúgbò rẹ̀ fi kọ́ ìtẹ́, tó gbé e lọ fún ìyàwó ẹlòmíì, tó gbáyà síta bí alága ìlú. Rubén ni mo sọ ọ́. Mo bú u débi tí ojú fi ń ti àwọn ọmọdé.

Ọkùnrin kan jókòó tì mí. A kì í dá màtè mu lójú ẹlòmíì, mo bu fún un. Zulema, ó di ọ̀pá tí a fi ń fà á mu mú, ó ń rò ó bí ẹni ń ro súgà mọ́ kọfí! Màtè tí èmi fọwọ́ ara mi pò! Mo ní, "Ṣé àárín agbo màlúù ni wọ́n ti tọ́ ẹ ni? Ta ní ń fọwọ́ kan ọ̀pá màtè ẹni ẹlẹ́ni?"

Kò bínú. Ó ní, "Ìyá mi ti nà mí nítorí ẹ̀ rí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bá ẹyẹ jà, mo ní kẹ́ ẹ kúkú rẹ́ni bá jà."

Ovidio lorúkọ rẹ̀. Bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà láti ìlú dé ìlú, òun náà sì ń dá jẹun káàkiri. Bọ́ọ̀sì gbéra nírọ̀lẹ́, n ò sí nínú rẹ̀.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá: n kò pe ẹnikẹ́ni tí a fi lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní kóòtù lóṣù tó kọjá. Aládùúgbò méjì ló jẹ́rìí, wọ́n fọ́n ìrẹsì oríire lé wa lórí, inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún lójú ọ̀nà bí òmùgọ̀.

Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Bá mi kí Màmá, gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Sọ fún Àǹtí Elvira àti gbogbo àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín pé eléyìí ò níbi tó fẹ́ sá gbà mọ́, ó ti di ọkọ mi kó tó di pé a pè yín. Mi ò fẹ́ rí àyè òfìfo kan lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá, kí gbogbo yín ti dé ibí.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ti di ìyàwó olóbọ́tìnnì,
Noemí.