Ẹ Ní Kí Màámi Dúró Dè Mí

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi yá, àfi ọwọ́ mi tí ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ti bó.

Mo gbọ́ pé Màámi ò jẹun mọ́, pé èmi ni wọ́n ń pè. Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì lè wá. A ti fi oògùn pa mùdùnmúdùn eegun ọmọ ọdún mẹ́fà kan tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn wa níbí. Èyí tí a ti kọ́kọ́ fà lára rẹ̀, tí a tún ṣe, tí a máa fi rọ́pò rẹ̀, ṣì wà nínú ẹ̀rọ lọ́dọ̀ mi. Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ò sí, ara rẹ̀ ò yá, èmi nìkan ló kù tó mọ ìtọ́jú ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Tí mùdùnmúdùn náà bá kú sínú ẹ̀rọ, ọmọ náà lọ nìyẹn. Mo dà bí ẹni tó gbé ẹyin sọ́wọ́ méjèèjì, tí ẹ̀yìn wá ń yún.

Ọjọ́ tí a bá fà á sí ọmọ náà lára ni màá wọkọ̀. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ fún Màámi pé mo ti wà lọ́nà. Ẹ ní ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n dúró dè mí.

Àbúrò yín