Ìṣó Méjì Tó Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Mi

Agbowó, Ìbàdàn,
Nígbà ọyẹ́.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú agbo ilé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí, bí orúnkún bá tiẹ̀ ń dùn mí. Mo kí Ìyá Kékeré, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mi tí mi ò tíì rí ojú wọn. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún yín, mo kí òun náà, ṣùgbọ́n kó má fo ọ̀rọ̀ kankan o. Kó kà á sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri lè gbọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, ìwé tí wọ́n kọ́ àwa àgbà ní Òkè Àdó ló bá mi ṣe é. Mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí gbogbo ẹni tó jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ pé kí wọ́n lọ kó èmi Àkànkẹ́ wálé lè gbọ́ èsì mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Èsì náà nìyí: mi ò bọ̀. Àlàáfíà ni mo wà. Mò ń ránṣọ, mò ń jẹun, ẹni tó bá sì dé ẹnu ilẹ̀kùn mi, mò ń dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi Ráúfù á ti délé kí ìwé yìí tó dé. Mo mọ ọmọ tí ẹ bí. Wọn á ti sọ ọ́ lọ́nà tiwọn, wọn á sì ti yọ ibi tó dùn jù kúrò. Èmi ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò, ẹ fi òrí àti ẹ̀gúsí rán Mùfú, ọmọ àbúrò bàbá wa, sí mi. Mùfú dé ẹnu ilẹ̀kùn mi, ó kágò. Kò gbọ́ àgò yà. Ó tún kágò. Ó kanlẹ̀kùn títí. Inú yàrá ni mo wà o, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń rán kọ́là mọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ẹ̀pà wà lẹ́nu mi. Etí ni ò gbé e wá. Ni Mùfú bá fi igbe ta pé mo ti kú. Àwọn ará ilé já ilẹ̀kùn mi wọlé, àwọn mìíràn ti ń sunkún kí wọ́n tó rí mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí èrò, mo bi wọ́n pé ta ló kú. Ìyá Bísí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní èmi ni.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, tí mo ń wo ilẹ̀kùn tó dùbúlẹ̀, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Ìyá mi, etí yìí ò kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí aṣọ tó ń ṣá lóòrùn. Ní báyìí, àfi kí èèyàn fi ẹnu sí mi létí kó pariwo. Ó ti pẹ́ tí ẹnu ti ń mì níwájú mi tí mò ń mi orí lásán. Ẹni tó bá kí mi láti ẹ̀yìn, mi ò ní dáhùn, wọ́n á ní ìgbéraga ni. Ìyá Bísí pàápàá ti sọ ọ́ ká gbogbo ilé pé ìyá ará Ṣakí yìí kì í dáni lóhùn, àfi bíi pé òun ló nilé. Èmi tí ẹ fi pàṣán kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn! Inú ilé kan ṣoṣo tí èrò kún fọ́fọ́ ni mo wà, mo sì dá wà bí ẹni tó wà lóko.

Ẹ wá ránṣẹ́ pé tí ọyẹ́ bá ti mú, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá kó mi. Ẹ ní ta ni yóò gbọ́ igbe mi bí nǹkan bá ṣe mí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ bá di nílé wa. Wọ́n á gbé e sí igun, wọ́n á máa pariwo mọ́ ọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀. Èmi? Èmi tí mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra mi lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ Bódìjà ń wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ sí kíláàsì? Rárá o.

Ọkùnrin kan wà níwájú ilé wa tó ń tún rédíò ṣe, Ọ̀gá Fọlá, ará Iléṣà. Rédíò kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí iná pupa kékeré kan máa ń tàn lójú rẹ̀, kò ju wóró ẹ̀pà lọ. Mo wò ó títí. Mo ní ohun tí etí mi ò lè gbọ́, ojú mi ṣì lè rí i. Mo bi í bóyá irú iná yẹn lè tàn lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí àlejò bá dé. Ó fẹnu sí mi létí, ó ní Màmá, ẹ lọ máa rán kọ́là yín, iṣẹ́ iná kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Mo fa àpótí ìjókòó, mo jókòó, mo ní mi ò ní dìde àfi tó bá kọ́ mi. Mi ò sì dìde. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dé, wọ́n bá mi níbẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun ò lè lé mi, ó gbé ohun kékeré kan lé mi lọ́wọ́.

Tiransísítọ̀ lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe rédíò alágbèéká ni mò ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rédíò ló ń gbé. Orí dúdú bíńtín ló ní, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́ta. Mo fẹ́ fi bọ́tìnnì aago sẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé wa á ti tú u lọ. Ìṣó méjì la wá kàn mọ́ férémù ilẹ̀kùn, wáyà so wọ́n mọ́ iná orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi; ẹnikẹ́ni kì í jí ìṣó tó ti wọ igi. Àlejò á fi ìka kan méjèèjì, iná bátìrì á gba ara ìka rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń gba ara ìka kọjá kéré púpọ̀, kò lè tan nǹkan kan. Ibẹ̀ ni tiransísítọ̀ ti wúlò. Ó dà bíi mégáádì tó ń ṣọ́ géètì. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mégáádì létí, á ṣí géètì fún odindi lọ́rì. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kọ́ ló ti lọ́rì náà, wúyẹ́ lásán ló sọ. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ni etí mégáádì. Ìka á sọ wúyẹ́ sí i, géètì á ṣí, iná bátìrì á gba ibẹ̀ rọ́ kọjá, gílóòbù pupa á tàn. Ìyá mi, nígbà tí ó yé mi, ara mi bú máṣọ. Ohun tí etí rẹ̀ mú tó báyìí, èmi ló yẹ kó wá máa gbọ́ràn fún.

Kò rọrùn o. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo to ẹsẹ̀ rẹ̀ sódì, ó gbóná títí ó fi kú. Gílóòbù pupa àkọ́kọ́ tàn gbòò lẹ́ẹ̀kan, ó kú pátápátá, nítorí mo gbàgbé láti fi rèsísítọ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn nǹkan kékeré onílà aláràbarà tó ń dín iná kù kó má baà pọ̀ jù fún un. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé lẹ wáyà pọ̀ jó mi ní àtàǹpàkò, òrí yín ni mo fi pa á. Ọ̀gá Fọlá ní kí òun bá mi ṣe é. Mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, mi ò ní rán ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ láyé.

Ọjọ́ tí iná yẹn kọ́kọ́ tàn dáadáa lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo jó. Mo jó títí Ìyá Bísí fi wá yọjú. Kò kọ́kọ́ fẹ́ fọwọ́ kan ìṣó náà, ó ní kí iná má lọ gbé òun. Mo yọ bátìrì kékeré náà, mo fi ahọ́n tọ́ ẹnu rẹ̀ wò níṣojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń tan iná mi jù. Nígbà mìíràn á ní òun wá tọrọ iyọ̀, nígbà mìíràn á ní kò sí nǹkan. Bátìrì ṣọ̀wọ́n láyé àwọn sójà yìí, ṣùgbọ́n iná mi kì í jẹ ẹ́ àfi tí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án, nítorí náà mo ní kó máa wá. Ó bẹ̀ mí nítorí ìgbéraga tó ní mò ń ṣe. Mo díbọ́n pé mi ò gbọ́, kó lè tún un sọ.

Mo wá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n wá dán an wò fúnra wọn. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ìṣó tí mo dá wọn lóhùn, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ n'Íbàdàn. Bí iná ò bá tàn, màá di ẹrù mi fúnra mi.

Ọyẹ́ mú, ètè ń là, wọ́n sì dé. Okùn tuntun ni wọ́n gbé kọ́ èjìká láti Ṣakí, okùn tí wọ́n máa fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́ ọkọ̀! Wọ́n ti dá ẹjọ́ mi kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Èmi wà nínú yàrá, mi ò mọ nǹkan kan. Ìyá Bísí tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ló ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní wọ́n fi ìka kan ìṣó. Iná ò tàn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa iná orí. Iná ò tàn. Wọ́n kágò, ìyẹn náà ò mú nǹkan wá. Ìyá Bísí ní kí òun bá wọn pè mí, wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́, àdéhùn ni àdéhùn. Wọ́n sọ okùn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹ̀rọ á ṣe gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀gá Fọlá ti jáde wá, ó káwọ́ lérí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Òrí ni! Òrí tí ẹ̀yin fúnra yín fi pa ọwọ́ wọn nítorí ọyẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Awọ ọwọ́ gbẹ, òrí tún bò ó, wúyẹ́ tó yẹ kó dé etí mégáádì ò rí ọ̀nà. Ìyá mi, díẹ̀ ló kù kí ẹ fi òrí lé mi kúrò n'Íbàdàn.

Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìrun Alaásàrì tó. Ẹ mọ̀ wọ́n, bí ilé ń jó wọ́n á kírun. Wọ́n ní kí Ìyá Bísí fún àwọn ní omi nínú kẹ́tùrù, wọ́n sì tọrọ ọṣẹ, wọ́n ní òrí wà lọ́wọ́ àwọn, àlùwàlá ò sì pé bí omi ò bá dé ara. Wọ́n fọ òrí kúrò tónítóní, wọ́n ṣe àlùwàlá. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, tí omi ń kán lọ́wọ́ wọn, inú ìṣó náà bí wọn. Wọ́n ní nítorí irin yìí ni àwọn ṣe wọ mọ́tò láti àárọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a.

Iná tàn yòò lójú mi. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó gbọ́wọ́ kúrò, mo kúnlẹ̀, mo ní àgò yà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn. Omi ń kán láti igbọ̀nwọ́ wọn sí mi lórí. Ìyá Bísí ní wọ́n sún sẹ́yìn bí ẹni tó rí iwin. Ọ̀gá Fọlá hó yè.

Àbí ẹ rò pé wọ́n gbà? Wọ́n kírun tán, wọ́n ní ìyẹn ò kà, ṣé gbogbo àlejò ni yóò máa ṣe àlùwàlá kó tó wọlé mi ni? Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀gá Fọlá ní kí n gbé omi sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ilé wo ni àlejò ti ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn? Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n sùn di ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ mọ́, mo fi tiransísítọ̀ mìíràn sẹ́yìn ti tẹ́lẹ̀, kí mégáádì àkọ́kọ́ máa sọ ohun tó gbọ́ sí èkejì létí, kí èkejì wá ṣí géètì. Èyí tí ẹnìkan gbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ èkejì, ó ti di ariwo.

Mo gbé òrí yín fún wọn. Wọ́n fi pa ọwọ́ méjèèjì níṣojú mi, wọ́n pa á dé ọrùn ọwọ́, wọ́n jáde. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mo tẹjú mọ́ gílóòbù pupa.

Iná tàn.

Mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fọwọ́ júwe pé kí n tì í padà. Iná tún tàn. Mo ṣí i. Wọ́n ní kí n tún tì í. Ẹ̀gbọ́n mi, tí irùngbọ̀n wọn ti funfun, ń ṣe bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sínú yàrá, wọ́n fẹnu sí mi létí. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti pè mí tí mo jẹ́. Wọn ò dárúkọ Ṣakí mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Owó òògùn yín wà lọ́wọ́ wọn, àti búbà tí mo rán fún yín. Okùn wọn wà níbí. Bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni o, bóyá wọ́n fi í sílẹ̀ ni, mi ò bi wọ́n. Mo ti ta á sẹ́yìn ilé, òun ni mò ń sá yúnífọ́ọ̀mù lé. Ọ̀gá Fọlá ò pè mí ní Màmá lásán mọ́, Ọ̀gá Màmá ló ń pè mí, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọyẹ́ yìí rọ̀ yín lára, kí ojú yín máa ríran, kí etí tiyín má ṣe bá tèmi lọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtẹni tó ní kí wọ́n kó mi wálé, àtẹni tó dákẹ́. Tí ara yín bá le, ẹ bá ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí. Ẹ má wulẹ̀ kágò. Ẹ má nu òrí ọwọ́ yín nù. Ẹ ṣáà fi ìka kan ìṣó méjèèjì, kí ẹ sì dúró díẹ̀, nítorí orúnkún mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ pè tó jẹ́,
Sàbítíyù Àkànkẹ́.