Ìlú Yìí Kò Fi Ọ̀yàyà Gba Cleophus Pruitt

24, Òpópónà Sycamore,
Apá Ìsàlẹ̀,
Cotter's Bend, Alabama.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 1997.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrántí Pápá Ìṣeré,
Gbọ̀ngàn Ìlú,
Cotter's Bend, Alabama.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ TÍ Ẹ FẸ́ KỌ SÁRA ÒKÚTA ÌRÁNTÍ CLEOPHUS PRUITT

Èmi ni opó Cleophus Pruitt, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó fi bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ṣe nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí, lọ́dún 1954. Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá ṣí aṣọ lójú òkúta tí ẹ fẹ́ gbé kalẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré lóṣù tó ń bọ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Ìdùnnú náà kò pẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo yà sí ọ́fíìsì yín láti wo ohun tí ẹ fẹ́ kọ síbẹ̀, mo sì kà á pé: "Ìlú yìí fi ọ̀yàyà gbà á. Ìpalára ló mú un fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀."

Mo ní láti jókòó kí n tó lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. Irọ́ ni gbólóhùn kìíní. Èkejì burú ju irọ́ lọ, nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ ni ẹ fi bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀yàyà wo? Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá wọn, abà tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko sí ni Cleophus ti ń pààrọ̀ tirẹ̀, nínú òórùn epo. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò, wọn a wọ ilé oúnjẹ lọ, òun a dá jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí ẹnìkan yóò fi rántí gbé búrẹ́dì jáde fún un. Ní pápá yìí gan-an, wọn kò jẹ́ kí àwa èèyàn dúdú jókòó síbi tí ìbòji wà. Orí pákó tó wà lẹ́yìn, nínú oòrùn, ni wọ́n kó wa sí. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni mí nígbà náà, ibẹ̀ ni mo sì ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é. N kò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Bàbá mi, tó jókòó tì mí, a máa sọ pé, "Arnetta, ojú ọmọ yẹn ni kó o máa wò. Má wo ẹnu wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Keje ọdún náà, Cleophus fi igi gbá bọ́ọ̀lù kan tó fò kọjá ògiri pápá. Gbogbo wa dìde lórí pákó wa. Nígbà tó tún kan án láti gbá, ọ̀gá ẹgbẹ́ kejì kígbe sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn pé, "Fún un ní tiẹ̀ létí." A gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ọkùnrin náà fojú sun ún, ó sì sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù náà ba Cleophus lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì, Cleophus sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti tó ẹni tó ń lọ wòran nígbà náà. Ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sáré tọ̀ ọ́ lọ: Emil Kosciak, ọmọ awakùsà kan láti Pennsylvania, aláwọ̀ funfun bíi tiyín. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi wé e lórí, ó ń sọ pé, "Má sùn o, Pruitt. Bá mi sọ̀rọ̀. Bú mi tó bá wù ẹ́." Òfin bọ́ọ̀lù ni pé ẹni tí wọ́n bá sọ bọ́ọ̀lù bà ní ẹ̀tọ́ láti rìn lọ sí ibùdó kìíní. Cleophus ní, "Gbé mi dìde. Ibùdó kìíní ti di tèmi." Kò lè rìn.

Ọsibítù ìlú kò jìnnà sí pápá. Nọ́ọ̀sì kan pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kúkú mọ̀ pé a kì í gba tiyín níbí." Emil bẹ̀ ẹ́, ó sì halẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì náà tilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi ni a fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn tí dókítà dúdú wà, èmi ni mo sì gbé orí rẹ̀ lé itan. Kí á tó débẹ̀, ojú náà ti fọ́.

Kí wọ́n tó tú òwú tí wọ́n fi rán egbò rẹ̀, ẹgbẹ́ ti lé e. Wọ́n lé Emil náà, wọ́n ní kò mọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ìpalára kọ́ ló mú ọkọ mi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Èèyàn ni. Èèyàn ló sọ ọ́, èèyàn ló tilẹ̀kùn, èèyàn ló pàtẹ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Lálaalẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á jókòó síwájú ilé, á di ojú kan tó kù, á máa gbọ́ ìdíje bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù lórí rédíò. Bí mo bá ní, "Pruitt, oúnjẹ ti tutù," á ní, "Dúró ná, Arnetta, mo ti dé ibùdó kejì." Lọ́dún tó kọjá ló kú. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e jáde nínú pápá yẹn, kò tún fẹsẹ̀ kàn án mọ́, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì pè é. Ẹ dúró títí ó fi kú kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí mo rán akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Thaxton, létí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mama Pruitt, ayẹyẹ la fẹ́ ṣe. Kí la fẹ́ fi egbò àtijọ́ ṣe? Àwọn ọmọ àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà máa wà níjòkòó." Mo ní, "Ọmọ Cleophus náà máa wà níbẹ̀." Ó ní kí n lọ rò ó dáadáa. Mo ti rò ó. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí òwe náà bá rùn sí yín, ohun tí ẹ fẹ́ kọ sára òkúta rùn jù ú lọ.

Mo wá ń bẹ̀ yín, mo sì ń sọ fún yín: ẹ pa gbólóhùn méjèèjì rẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ bọ́ọ̀lù lu Cleophus Pruitt ní pápá yìí, pé ọsibítù ìlú kọ̀ ọ́, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e. Ẹ kọ orúkọ Emil Kosciak sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń kà á má bàa rò pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó tọ́ láyé ìgbà náà.

Bí ẹ kò bá lè kọ èyí, n kò ní ṣí aṣọ kankan. Kí ẹ yọ orúkọ ọkọ mi kúrò lára òkúta yín. Ó ní òkúta tirẹ̀ ní itẹ́ òkú ìjọ wa, Bethel. Àwa la kọ ọ́, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Mò ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín tí kò gbàgbé,

Arnetta Pruitt (Ìyáàfin),
Opó Cleophus Pruitt,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì.