Àṣẹ Tó Dé Lẹ́yìn Tí Afeezat Ti Lọ

Skokie,
ẹ̀bá Chicago.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Afeezat,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Ṣé ara le? Ṣé Houston ti ń mọ́ ọ lára? Àlàáfíà la wà níbí, àfi òtútù tó fẹ́ já etí wa gbà.

Ìròyìn ibi iṣẹ́ ni mo mú wá, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Áàpù orí fóònù tí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú arúgbó nílé ti jáde. Àwọn mìíràn ni wọ́n gbé e fún lẹ́yìn tí wọ́n tú yín ká.

Ìwọ náà mọ bó ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ fi ń parí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ Alhaji Uthman, tó ń ṣòfin iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa, kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ bá yí àwọ̀ bọ́tìnnì kan padà báyìí, ẹ ó dúró de ìbuwọ́lù. Tí àwọn ọ̀gá òyìnbó bá wá bi yín ní ìpàdé àràárọ̀ pé kí ló ń dí yín lọ́wọ́, ìwọ á ní, "Nothing o, we're good." Alhaji tí ò ń kúnlẹ̀ kí ní mọ́ṣáláṣí, báwo lo ṣe fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun òyìnbó? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀gá pè yín.

Daud tó máa ń jókòó tì ọ́ ló là á yé Alhaji nígbẹ̀yìn. Bàbá náà káwọ́ lérí. Ó ní, "Ọmọ yẹn ń kí mi every Friday, kò wá lè sọ fún mi? I would have signed it same day!" Ó yí òfin náà padà. Ní báyìí, ẹnì kan láti inú ìgbìmọ̀ ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Àtúnṣe kékeré, ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ń fọwọ́ sí i. Èyí tó bá kan àṣírí aláìsàn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ Alhaji, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Ó bẹ àwọn ọ̀gá kí wọ́n pè ọ́ padà. Wọ́n ní kò sáyè mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi áàpù náà han àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ka orúkọ àwọn tó ṣe é. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ tìrẹ. Afeezat, ó dùn mí wọra.

Kí Allah ṣí ọ̀nà tó ju èyí lọ fún ọ. Kó má jẹ́ kí o tún ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Kàfáyàtù

Àfikún: Alhaji gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, kò lè pè. Jọ̀ọ́, ìwọ ni kí o pè é. Tó bá bi ọ́ pé ṣé ó dùn ọ́, sọ òótọ́.